Tanímọ̀la, Ajá Tí A Gbà Tọ́ ní Ìkẹ́rẹ́

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá àlàáfíà wà nínú ilé kan ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà èwe mi, ẹ má wulẹ̀ kan ilẹ̀kùn, odó ni kí ẹ tẹ́tí sí. Nílé tiwa, oòrùn kò gbọdọ̀ wọ̀ tán lẹ́yìn àpáta kí odó tó dún, nítorí Yèyé, ìyá ọkọ Màmá, gbà pé ilé tí kò bá gúnyán, wọ́n kàn lọ sùn ni, wọn kò jẹun. Ìró yẹn ni mo fi mọ ilé. Mo mọ ọwọ́ Màmá yàtọ̀ sí ọwọ́ Dàpọ̀, ọmọkùnrin rẹ̀ tó fi díẹ̀ jù mí lọ: Màmá a máa gún un jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá iṣu sọ̀rọ̀, Dàpọ̀ a máa gún un bí ẹni ń bá iṣu jà. Mo mọ ìró garawa lẹ́nu kànga. Mo mọ ikọ́ Bàbá Tíṣà, ọkọ Màmá, nígbà tó bá ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ nínú yàrá. Gbogbo ohun tó wà nínú agbo ilé yẹn ló ní ohùn tirẹ̀, mo sì rò pé mo ti mọ gbogbo wọn tán. Lẹ́yìn náà ni ajá kan dé tí kì í gbó.

Ọdún náà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìpínlẹ̀ tiwa ni. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ìpínlẹ̀ tuntun ni wọ́n ń dì í rù. Bí iyọ̀ wọ́n, ìpínlẹ̀ tuntun ni. Bí iná mànàmáná dé, ìpínlẹ̀ tuntun náà ni. Àwọn ọmọ Èkìtì tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi bẹ̀rẹ̀ sí í wálé, wọ́n ń wá iṣẹ́ lọ sí Adó, ọ̀kan nínú wọn sì ni ọkùnrin tí gbogbo wa ń pè ní Injiníà. Ọmọ Ìsẹ̀ ni, òun àti Bàbá Tíṣà ni wọ́n jọ wà ní iléèwé girama. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ó wa Pijó rẹ̀ wọ àgbàlá wa, ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, nǹkan kan sì sọ̀ kalẹ̀. N kò kọ́kọ́ mọ̀ pé ajá ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju ohun tí ajá ń fi ẹsẹ̀ ṣe lọ. Ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ikùn rẹ̀ wọlé lọ bíi pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ló ti ń gbààwẹ̀, èèyàn sì lè ka egungun ìhà rẹ̀ láti ibi tí a dúró sí. Àwọ̀ eérú ni àwọ̀ rẹ̀. Ó dúró láàárín àgbàlá, ó ń gbọ̀n, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan bíi pé àwa la ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá a níbẹ̀.

“Ùyà jẹ ẹran yìí o!” ni Yèyé wí, ó dìde lórí àpótí rẹ̀. “Kí li wọ́n fún un jẹ ní ùlú òyìnbó?”

Injiníà rẹ́rìn-ín. “Bí wọ́n ṣe ń rí nìyẹn, Yèyé. Gíréháùn ni wọ́n ń pè é, ajá eré ìje ni. Bẹ́là lorúkọ rẹ̀.” Ó wá ṣàlàyé fún Bàbá Tíṣà pé kọ́tà tí ìjọba fún òun ní Adó kò tíì ní òrùlé tó pé, òun sì ní láti padà sí Lọ́ńdọ̀nù lọ kó ìyàwó òun àti ẹrù òun. Bí òjò bá ti ń bẹ̀rẹ̀, òun á ti dé. Bàbá Tíṣà bi í léèrè pé kí ló dé tí kò mú un lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ìsẹ̀. “Ìsẹ̀ ké?” ni Injiníà wí. “Kí n tó dé Àkúrẹ́, àwọn àbúrò bàbá mi á ti pín ẹran rẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́.” Gbogbo àgbàlagbà rẹ́rìn-ín, nítorí pé a mọ ara wa ní Èkìtì. Èmi kò rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ bóyá àwàdà ni.

Ó já àpò bísíkíìtì ajá kan sílẹ̀, ó sì bẹ Màmá pé díẹ̀ ni kí wọ́n máa fún un níbẹ̀, kí ata má kan ẹnu rẹ̀, kí wọ́n má sì ṣe tú okùn rẹ̀ lójú títì. “Ẹ dákun, Màmá Dàpọ̀, ẹ má jẹ́ kó sanra. Bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni ẹwà rẹ̀.” Màmá ní òun ti gbọ́. Yèyé náà mi orí, ṣùgbọ́n bó ṣe ń mi orí fún Pásítọ̀ nígbà tí Pásítọ̀ bá ní kó fi aṣáà sílẹ̀ náà ló ṣe mi orí lọ́jọ́ yẹn. Pijó jáde. Ajá náà wò ó títí tí eruku fi bò ó, ó yípo lójú kan, ó dùbúlẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Èyí ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Ajá Ìkẹ́rẹ́ ì bá ti pariwo dé ọjà.

Ìyá Rúùtù, aládùúgbò wa, ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ojú fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àgbàlá wa, kò sì sí ohun tó bọ́ lọ́wọ́ wa tí kò kọ́kọ́ rí. Ó wá lọ ata lórí ọlọ wa ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì dúró ti ajá náà, ó ń wò ó bí ẹni ń wo iṣu tí wọ́n fẹ́ tà fún un. “Màmá Dàpọ̀,” ó ní, “ẹ kú usẹ́ alágbàtọ́ o. Ẹ gba ọmọ tọ́, ẹ tún gba ajá tọ́. Ṣùgbọ́n ajá yìí ti gbẹ jù. Ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ á ní ẹ kì í fún un lóńjẹ.” Ó wá yíjú sí mi níbi tí mo ti ń gbálẹ̀. “Eléyìí náà tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀.” Mo gbé ojú sókè, mo bi í léèrè pé, “Màmá, ọmọ wo la gbà tọ́?” Màmá ní kí n lọ bá òun gbé iyọ̀ wá nílé ìdáná, iyọ̀ náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú àwo.

Ó yẹ kí n sọ pé ọ̀rọ̀ alágbàtọ́ kì í ṣe èébú ní àdúgbò wa. Ilé wo ni kò ní ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò nínú? Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí wọn kò kọ síbì kankan. Bí ọmọ tí o bí bá gbẹ, wọ́n á ní ibà ló ṣe é, wọ́n á bá ọ kẹ́dùn. Bí ọmọ ọlọ́mọ bá gbẹ lọ́wọ́ rẹ, o ti tẹ́. Ẹran ara ọmọ tí a gbé fún ọ ni ẹ̀rí rẹ lójú ayé, ojú yẹn gan-an ni Yèyé sì fi wo ajá Injiníà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kó tó di pé odó dún, ó da bísíkíìtì òyìnbó fún àwọn adìẹ, ó ní kí Dàpọ̀ fi iṣu kan kún ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n gúnyán. Ó bu òkèlè ńlá, ó fi omi ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí kò láta rin ín, ó gbé e síwájú ajá. Ajá náà kò mọ ohun tí wọ́n ń fi iyán ṣe. Ó lẹ̀ mọ́ ọn lájà ẹnu, ó ń yí àgbọ̀n, ó ń la ojú rẹ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè ní Sọ́ńdè Sùkúù tí kò mọ̀ ọ́n. Dàpọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí ìró odó àkọ́kọ́ fi ń bá ajá náà lórí ìdúró, tí yóò ti wá fi ẹnu ṣóńṣó yẹn lé orúnkún Yèyé.

Yèyé kò pe Bẹ́là rí. “Orúkọ tí kò sọ nǹkan fún ará ulé, kí li a ń fi í ṣe?” Láyé wọn, ẹni tó bá lájá kì í kàn sọ ọ́ lórúkọ lásán. Ọ̀rọ̀ tí o kò lè bá aládùúgbò rẹ sọ lójú, o lè fi sọ ajá rẹ, kí o sì máa fi gbogbo ọjọ́ pè é. Bàbá Yèyé ní ọ̀kan tó ń jẹ́ Fìyàjẹmítẹ́lẹ̀, gbogbo àdúgbò ló sì mọ ẹni tó ń bá wí. Yèyé ronú títí, ó sọ ajá Injiníà ní Tanímọ̀la. Bó bá ti fẹ́ pè é, á yíjú sí fèrèsé Ìyá Rúùtù. “Tanímọ̀la o! Wá jẹun, wá yó!” Láìpẹ́, orúkọ náà mọ́ ajá náà lára. Mo rántí pé ó yà mí lẹ́nu pé ẹ̀dá kan lè ní orúkọ kan, kó wọ ilé mìíràn, kó sì di ẹlòmíràn láàárín iyán méjì.

Dàpọ̀ ló sọ ọ́ fún mi. À ń fọ àwo lẹ́yìn ilé. Mo ní, “Dàpọ̀, ọmọ wo ni Ìyá Rúùtù sọ pé a gbà tọ́?” Ó ń fi eérú ha ìdí ìkòkò, kò tilẹ̀ wò mí. “Ìwọ ni. Ṣé o ò mọ̀ ni? Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló bí ẹ.” Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé wọ́n ti lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni àbúrò Màmá tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Iléṣà. Ó máa ń wá ní Kérésì àti ní Àjíǹde, á mú búrẹ́dì wá, òórùn ọṣẹ á máa ta lára rẹ̀, á sì máa wò mí pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo máa ń rò pé nítorí pé n kò kí i dáadáa ni. N kò sunkún. Àwọn èèyàn máa ń bi mí báyìí bóyá mo sunkún, wọ́n á fẹ́ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo fọ àwo náà tán, mo dà á dé, mo wá lọ bá Yèyé níbi tó ti ń ṣa ẹ̀fọ́.

“Yèyé, ta ló bí mi?”

“Ṣé ebi ń pa ọ́ ni?”

“Rárá, Yèyé.”

“Ṣé ẹnìkan nà ọ́?”

“Rárá.”

“Ó dáa. Kí li o fẹ́ fi ùdáhùn ọ̀ún ṣe?”

N kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ó na ẹ̀fọ́ díẹ̀ sí mi pé kí n bá òun ṣa á, ó ní ẹnìkan ló ń bímọ, igba èèyàn ló ń bá a tọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tó dára ni. Mo ti fi tu àwọn mìíràn nínú látìgbà náà. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ayé mi, mo ṣì ń bínú díẹ̀ sí bí àwọn àgbà ilé wa ṣe máa ń fi òwe bo nǹkan mọ́lẹ̀ bí ẹni fi ọmọrí dé ìkòkò, tí wọ́n á wá máa wò ọ́ bóyá o fẹ́ ṣí i. N kò ṣí i. Mo ṣa ẹ̀fọ́. Tanímọ̀la wá dùbúlẹ̀ sórí ẹsẹ̀ mi, ara rẹ̀ gbóná, mo sì ń wò ó, mo ń sọ fún un nínú ọkàn mi pé, ìwọ náà.

Àárín ìgbà yẹn ni ìròyìn dé pé Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, pé ó ti ríṣẹ́ sí ọsibítù kan ní Adó, ìpínlẹ̀ tuntun náà ni. Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Bàbá Tíṣà ń jẹun, Màmá dúró tì í. Bàbá Tíṣà ní, “Ọmọ rẹ̀ ni. Ó ti ní ibi tí yóò gbé e sí báyìí. Kí la fẹ́ sọ?” Màmá ní, “Mi ò sọ pé kì í ṣe ọmọ rẹ̀.” Ó bu omi sínú ife fún un. “Ṣùgbọ́n ṣé n ó kàn gbé e jáde bẹ́ẹ̀, bí ẹni dá igbá padà?” Bàbá Tíṣà rọra húkọ́. “Jẹ́ kí òjò bẹ̀rẹ̀ ná.” Nígbà náà ni mo mọ̀ pé èmi àti ajá yẹn, ìgbà kan náà ni wọ́n fi sí wa. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo fẹ́ràn Màmá. N kò kórìíra Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mo sì fẹ́ mọ ìdí tó fi ń wò mí bẹ́ẹ̀. N kò mọ ohun tó yẹ kí ọmọ ṣe, kò sì sẹ́ni tí mo lè bi. Mo bá pinnu pé ajá ni n ó máa wò. Ohun tí ajá bá ṣe nígbà tí ẹni tó ni ín bá dé, èmi náà á ṣe é.

Mo wá ń wò ó tọkàntara. Ó ń sùn púpọ̀. Nígbà tí ọyẹ́ mú, tí ètè gbogbo wa ń bó, ó ń gbọ̀n débi pé Màmá tú súẹ́tà iléèwé mi àtijọ́, ó gé apá rẹ̀, ó rán an fún un. Ó ń bá mi lọ sí iléèwé nínú súẹ́tà aláwọ̀ ewé yẹn, àwọn ọmọ ń tò tẹ̀lé wa. Ní ọjọ́ Sátidé kan, Dàpọ̀ tú okùn rẹ̀ ní pápá iléèwé. A rò pé á dùbúlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó gbé orí sókè, ó bẹ́. N kò lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. A kò rí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, a kàn rí eruku àti súẹ́tà. Kò sá lọ sílé, kò sá wọ igbó. Ó ń sáré yípo pápá náà, ó ń tẹ̀ sọ́wọ́ òsì, ó ń padà wá sí ojú ibi kan náà, ó tún ń lọ, láìsí ẹran kankan níwájú rẹ̀. Lójijì ó dúró. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bíi pé ohun kan yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Dàpọ̀ ní orí rẹ̀ ti dàrú. Mo so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rìn lọ sílé.

Òjò ti rọ̀ dáadáa, àgbàdo ti yọ orí lẹ́yìn ilé kí Injiníà tó dé. Yèyé ti múra dè é. Ó fi ọṣẹ dúdú wẹ ajá, ó fi òrí pa á lára, ó ń dán. Ẹ má gbàgbé pé láti ìgbà ọyẹ́ ni ajá yìí ti ń jẹ iyán lójoojúmọ́. Ìhà rẹ̀ kò ṣeé kà mọ́. Ikùn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ọrùn rẹ̀ ti ki, ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn nìkan ló ṣẹ́kù, bí ẹni ki igi ẹ̀gẹ́ bọ àpò gaàrí nídìí. Ìyá Rúùtù fúnra rẹ̀ ti wá, ó ti wò ó, ó ti ní, “Ẹ ṣe é o, ó hàn,” Yèyé sì ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn kọrin ìyìn. Injiníà bọ́ sílẹ̀ nínú Pijó, ó kí wa, ó wò yíká. “Ajá mi dà?”

Ajá náà dúró níwájú rẹ̀.

Ó wò ó. Ó tún wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. “Bẹ́là?” Ajá kò mira. “Bẹ́là! Bẹ́là!” Ajá yíjú wo Yèyé. Yèyé na ọwọ́ sí i bí ẹni tó fẹ́ fi aṣọ tuntun han èèyàn. “Wò ó dáadáa, ọmọ mi. Bí o ti gbé e fún wa kọ́ rè é. A ti fi ẹran sí i lára.” Injiníà ká ọwọ́ lérí. “Yèyé! Ẹ ti ba ajá mi jẹ́!” Màmá kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ní kó má bínú, Bàbá Tíṣà wo ilẹ̀. Yèyé ni mo ń wò. Ó dúró pẹ̀lú ọwọ́ tó nà yẹn, ó ń wo ajá, ó ń wo Injiníà, ó sì ń wá ibi tí òun ti ṣe àṣìṣe, kò rí i. Ó ti ṣe ohun tí èèyàn rere ń ṣe. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo lọ dì í mú láṣọ.

Injiníà náà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rín níbẹ̀ àti èyí tí kì í ṣe ẹ̀rín. Ó jókòó sórí pèpéle, ó ní kí Yèyé má bínú, òun kò ní ẹ̀tọ́ láti pariwo. Ó ní ajá yìí ti fi ìgbà èwe rẹ̀ sáré ìje yípo pápá nílùú òyìnbó, ó ń lé ehoro àtọwọ́dá tí kò lè bá láéláé, àwọn èèyàn ń ta tẹ́tẹ́ lé e. Nígbà tí ẹsẹ̀ kan ń dùn ún, àwọn tó ni ín kò fẹ́ ẹ mọ́, òun sì mú un lọ sílé òun. “Èmi náà gbà á tọ́ ni, Yèyé.”

Yèyé jókòó tì í. “Ùwọ náà gbà á tọ́ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ta ló wá ni ín?”

Mo rò pé kò sẹ́ni tó nílò ìdáhùn yẹn tó èmi lọ́jọ́ náà, mo dúró dè é, kò dé. Injiníà tún na ọwọ́. “Bẹ́là.” Yèyé rọra sọ ọ́, bí ẹni ò fẹ́ dá sí i: “Tanímọ̀la ni.” Injiníà pè é bẹ́ẹ̀: “Tanímọ̀la.” Ajá náà rìn lọ bá a, ó ki orí sáàárín orúnkún rẹ̀, ìrù rẹ̀ ń jù. Mo ní ó ti tán, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, wọn a máa lọ. Ṣùgbọ́n ó yọ orí, ó padà wá bá Yèyé, ó fi ẹnu lé e lórúnkún. Ó tún lọ. Ó tún bọ̀. Níkẹyìn, ó dúró sí àárín àwọn méjèèjì, ó ń gbọ̀n bí ọjọ́ tó dé. Wọ́n gbé e wọ mọ́tò ni. Nígbà tí a gúnyán nírọ̀lẹ́, Yèyé bu òkèlè rẹ̀ sínú àwo kó tó rántí.

Kò pẹ́ tí Injiníà tún fi dé, ó jọ ẹni tí kò sùn. Ajá kò jẹ bísíkíìtì. Ó ní, “Yèyé, kí lẹ ń fi sínú ọbẹ̀ náà?” Bí Yèyé ṣe rí lójú lọ́jọ́ yẹn, ó tó èèyàn í gbé kọ́ ara ògiri. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ni pé bísíkíìtì ló máa jẹ ní Adó, kó lè tún rí bí ajá, ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé, Injiníà á máa gbé e wá sí Ìkẹ́rẹ́ wá jẹ iyán tí kò ju ẹyin adìẹ lọ. Kí Injiníà tó jáde, Yèyé ti bu òkèlè kejì.

Ọjọ́ Àìkú ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì dé, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ó ra bàtà fún mi, bàtà funfun tó ní òdòdó, ó kéré jù fún mi: kò ráyè wá ní Àjíǹde ọdún náà, ẹsẹ̀ tí mo ní ní Kérésì ló fi rà á. Ó gbé bàtà náà sí itan, ó ní, “Ìyanu, wá.” Ìyanu ni orúkọ tó sọ mí lọ́jọ́ tó bí mi. Ní Ìkẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó ń pè é. Ọmọ́yẹni ni Màmá sọ mí. N kò mira. Mo wo Màmá, Màmá ń wo odó. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ lọ́dọ̀ ajá yẹn, kò sí ohun tí mo rí kọ́. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà. “Ẹ káàbọ̀, Àǹtí.”

Mo rí ojú rẹ̀. Mo ti di ìyá ọmọ báyìí, mo sì mọ ohun tí mo rí.

Yèyé sọ ọ́ láti orí àpótí rẹ̀, ohùn kan náà tó fi sọ ọ́ fún Injiníà: “Ọmọ́yẹni là ń pè é níbí.” Àǹtí tẹrí ba. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ mí lórúkọ yẹn, n kò sì mọ̀ bóyá ẹnu rẹ̀ á gbà á. Ó ní, “Ọmọ́yẹni.” Mo dìde, mo lọ bá a. Òórùn ọṣẹ yẹn ṣì wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo padà wá bá Màmá. Lẹ́yìn náà mo tún lọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi ibi tó yẹ kí n dúró sí.

Mo bá a lọ sí Adó. Màmá kò gbé mi jáde lófìfo bí igbá: ó di èlùbọ́, ó di ẹ̀gúsí, ó fi odó kékeré kan àti ọmọ odó sí i, ó ní kí àbúrò òun má jẹ́ kí ọmọ òun sùn láìjẹ iyán. Ní gbogbo Sátidé, Injiníà a yà gbé mi ní ẹnu ọ̀nà wa, èmi àti Tanímọ̀la a jọ jókòó sí ẹ̀yìn Pijó, a ń lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Nírọ̀lẹ́ a tún jọ ń padà sí Adó. Bí mọ́tò bá ti ṣí, ajá náà a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ní àlọ àti ní àbọ̀, n kò sì lè sọ ilé tó ń gbọ̀n fún. N kò lè sọ tèmi náà. Ó kú ní Adó nígbà tí mo wà ní iléèwé girama, Injiníà sì gbé e wá sin sí ẹ̀yìn ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́, nítorí Yèyé ránṣẹ́ pé ibẹ̀ ni.

Àǹtí ni mo ń pe ìyá tó bí mi látìgbà náà títí mo fi lọ́kọ, títí mo fi bímọ, kò sì bá mi wí rí. Nígbà tí a sin Màmá tán, tí àwọn èèyàn ti lọ, èmi àti òun nìkan ló ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó nínú àgbàlá. Mo wò ó, mo ní ó tó àkókò. Mo pè é, “Màmá.” Ó yára bojú wẹ̀yìn, ó ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìgbà tí mo wá pè é ní Àǹtí ló tó jẹ́ mi.